Òòyì Tó Ń Kọ́ Abiyamọ Nígbà Tó Bá Dìde: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Nípa POTS

Abiyamọ kan bímọ láyọ̀, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, àlejò sì lọ tán. Nígbà tó di oṣù kejì, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ti dá, ó ti wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kírun padà. Ṣùgbọ́n bó bá ti orí sùjúùdù dìde dúró, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì bí ẹni tó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Bó bá dùbúlẹ̀, ara á tù ú. Ará ilé kan á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Òmíràn á ní ìrònú ló pọ̀ jù. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní POTS, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Nígbàkúùgbà tí èèyàn bá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ṣàn lọ sí ikùn àti ẹsẹ̀. Bí ara bá dá, ọpọlọ á ránṣẹ́ kíákíá sí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sókè. Lára ẹni tó ní POTS, iṣẹ́ yìí kì í lọ déédéé, ọkàn á wá máa sáré láti dí àlàfo náà. Ohun tí dókítà máa ń wò lára àgbàlagbà ni pé kí iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú 10 tó dìde, láìjẹ́ pé ìfúnpá já wálẹ̀ púpọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì ti tó oṣù mẹ́ta.

Oyún máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ inú ara pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, omi tó kún ara yẹn á bá ìtọ̀ àti òógùn jáde. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tó dànù nígbà ìrọbí, ọmú tí ọmọ ń mu, àìsùn, àti ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ kún un. Ẹ ó rí i pé ẹrù náà kì í ṣe kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Kì í ṣe gbogbo òòyì àti àyà lílù lẹ́yìn ìbímọ ni POTS. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fa irú rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PCV ló sì máa fi í hàn. Àìsàn tírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, lè fà á. Àìsàn kan sì wà tó ń sọ ọkàn di aláìlágbára láti oṣù tó gbẹ̀yìn oyún títí dé bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Nàìjíríà, pàápàá ìhà àríwá, wà lára ibi tí àìsàn ọkàn yìí ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé wọ́n lè ní kí ẹni tó ní POTS fi iyọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ kan náà lè pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lára, tàbí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má fi iyọ̀ ṣe oògùn kí dókítà tó sọ̀rọ̀.

Ẹ gbé ìyá náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí kò bá lè mí dáadáa tó bá dùbúlẹ̀, bí àyà bá ń dùn ún, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀, bí ibà bá mú un, tàbí bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì.

Ọ̀nà tí ara fi ń padà bọ̀ sípò

Bí dókítà bá ti sọ pé POTS ni, ìtọ́jú pọ̀ nínú ilé:

- Omi: lítà méjì sí mẹ́ta lójúmọ́, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́rin sí mẹ́fà. Kó mu ife méjì kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kó sì mu omi nígbà tó bá ń fọ́mọ lọ́mú.
- Dídìde: kó kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó mi ẹsẹ̀, kó tó dúró. Bí òòyì bá dé, kó tètè gbé ọmọ fún ẹlòmíràn tàbí kó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó sì dùbúlẹ̀ kó gbé ẹsẹ̀ sókè.
- Ìwẹ̀: omi gbígbóná tí a fi ń wẹ ìyá ìkókó máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, òòyì á sì pọ̀ sí i. Kó lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó jókòó sórí àpótí, kó má ti ilẹ̀kùn pa.
- Oúnjẹ: díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan sàn ju òkèlè rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan lọ.
- Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ń fún ẹsẹ̀ àti ikùn máa ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti padà sókè.
- Eré ìdárayá: orí ìdùbúlẹ̀ tàbí ìjókòó ni kó ti bẹ̀rẹ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ dókítà.

Bí èyí kò bá tó, oògùn wà. Kí ìyá sọ fún dókítà pé òun ń fọ́mọ lọ́mú, torí kì í ṣe gbogbo oògùn náà ló bá a mu. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún, ọjọ́ tó dáa àti ọjọ́ tí kò dáa á sì máa gba ara wọn. Bó bá fẹ́ lóyún mìíràn, kó tètè jẹ́ kí dókítà mọ̀.

Ìrun àti ààwẹ̀

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ sàhábé rẹ̀ Imrān ọmọ Husayn pé ẹni tí kò bá lè kírun lórí ìdúró, kó jókòó kí i, bí kò bá sì lè jókòó, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nítorí náà, ìjókòó kírun kì í ṣe ìtìjú fún aláìsàn. Bákan náà, Sūratul-Baqarah fún aláìsàn láyè láti sún ààwẹ̀ Rámádánì sí ọjọ́ mìíràn, àìmomi látàárọ̀ dalẹ́ sì lè da ẹni tó ní POTS wó. Kí ó bi dókítà rẹ̀ àti ààfáà tó ní ìmọ̀, kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá a gbé omi, ẹ bá a gbọ́mọ lóru. Ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ìyàwó yín bá jókòó kí yín dípò kó kúnlẹ̀, ẹ má bínú. Ara rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́. Àdúà dára, ṣùgbọ́n kò ní ká má lọ sí ilé ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo abiyamọ wa ní àlàáfíà. Āmīn.