Bisikíìtì Aládùn Tí Ó Ní Ata Nínú

Lónìí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bisikíìtì tí a fi oyin, ṣúgà àti ata ṣe. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí ó jókòó sí, tí ó ń wí pé, "Ata kẹ̀? Nínú bisikíìtì?" Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ata àti adùn kì í ṣe àjèjì sí ara wọn ní ilẹ̀ wa. Níbi ìsọmọlórúkọ, àwo oyin kì í jìnnà sí àwo ataare. Àádùn tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan, epo pupa, iyọ̀ àti ata ṣe, ta ni kò jẹ ẹ́ rí nígbà èwe? Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹ̀mí tí kò bá jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá ata lè wọ inú ohun dídùn ni ọ̀rọ̀ wa. Bí yóò ṣe wọ̀ ọ́ tí kò fi ní ṣe ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní jàǹbá ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ọjọ́ ìparí táàmù kan, mo yan bisikíìtì lọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo da ata gígún sórí fùláwà, mo fi ìkánjú rò ó pọ̀, mo yan án. Àwọn ọmọ jẹ, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ fi kún un." Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kékeré kan gé tirẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó figbe ta. Ibi tí ata ti dì jọ ni ó bọ́ sí i lẹ́nu. Mo sáré bu omi fún un, ó mu ún tán, igbe kò dúró. Mo tún bu òmíràn, pàbó ni. Ìyá kan tí ó wá mú ọmọ tirẹ̀ lọ sílé ni ó po mílíìkì inú agolo fún un, ẹkún náà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, ọmọ yìí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀pà. Ó dùn mí púpọ̀. Olùkọ́ tí ọmọdé ń bẹ̀rù àtigba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ó kù tí yóò fi kọ́ ọ? Ìyẹn ni ó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ ata.

Ohun tí mo rí nìyí. Ahọ́n ni ó ń tọ́ adùn wò, ṣùgbọ́n títa ata kì í ṣe adùn, kì í sì í ṣe ìkorò. Ohun kan tí ń jẹ́ capsaicin wà nínú ata. Ní 1997, David Julius, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi hàn pé ibi kan náà tí iṣan ara wa fi ń mọ̀ pé nǹkan gbóná ni capsaicin ń fọwọ́ kàn. Òun àti Ardem Patapoutian ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021 lórí irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a bá ní ata ń jó wa lẹ́nu, a kò parọ́: bí iná ni ara gbà á.

Capsaicin kì í yòrò dáadáa nínú omi; inú ọ̀rá ni ó ti ń yòrò. Ìdí nìyẹn tí omi mi kò fi ran ọmọ náà lọ́wọ́. Mílíìkì ní ọ̀rá, ó sì ní èròjà casein tí ń gbá ata kúrò lára ahọ́n. Àṣìṣe mi ni pé orí fùláwà gbígbẹ ni mo da ata sí. Inú bọ́tà yíyọ́ ni ó yẹ kí ó lọ, kí ó lè tàn kálẹ̀ dọ́gba.

Ó yá, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Ẹ wá fùláwà gíráàmù 225, bọ́tà gíráàmù 115, ṣúgà gíráàmù 85, oyin ṣíbí ìjẹun 4, sódà tí ń mú àkàrà òyìnbó wú ṣíbí kékeré 1, atalẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ṣíbí kékeré 2, iyọ̀ díẹ̀, àti ata gbígbẹ tí a gún tí a sì jọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré. Atalẹ̀ tútù kọ́ ni mo wí o. Bí atalẹ̀ bá ti gbẹ, títa rẹ̀ a máa le sí i, nítorí náà ìwọ̀n ọ̀kan kì í ṣe ìwọ̀n èkejì.

Ẹ fi iná kékeré yọ́ bọ́tà, oyin àti ṣúgà pọ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá ro ata àti atalẹ̀ sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ jọ̀ fùláwà, sódà àti iyọ̀ pọ̀, kí ẹ da bọ́tà náà sí i, kí ẹ sì pò ó. Nígbà tí ó bá tutù tí ó sì le díẹ̀, ẹ ṣù ú ní róbótó bí awúsá kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sórí páànù tí ẹ ti fi bọ́tà pa. Ẹ fi àyè ìka méjì sáàárín wọn, nítorí wọn yóò tẹ́. Bí ààrò yín bá ní òǹkà, 180 ni kí ẹ fi í sí ní ìwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú 12 tàbí díẹ̀ lé.

Ẹni tí kò ní ààrò, kí ó wá ìkòkò irin ńlá, kí ó da iyanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí i ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ó gbé e ka iná èédú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15. Kí ó to òkúta kéékèèké mẹ́ta sórí iyanrìn, kí ó gbé páànù lé wọn, kí ó sì dé e. Ẹyin iná díẹ̀ lórí ọmọrí yóò mú kí òkè náà jinná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí afẹ́fẹ́ èédú a máa pa ènìyàn nínú ilé tí a sé.

Bí etí bisikíìtì bá ti pọ́n, ẹ yọ ọ́, bí ó tilẹ̀ rọ̀. Bí ó bá ti ń tutù ni yóò máa le. Ẹni tí ó bá dúró kí ó le lórí iná, oyin yóò jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yan ẹyọ kan, kí ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó sọ pé ata kò tó. Adùn ni ó ń kọ́kọ́ dé, ata a máa bọ̀ lẹ́yìn. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú tàbí kí ẹ tó gbé ọmọ. Fún àwọn ọmọdé, ẹ yọ ata kúrò, kí ẹ fi atalẹ̀ nìkan ṣe é.

Ní ọdún kejì, mo tún yan bisikíìtì lọ sí ilé-ìwé. Mo pín in sí àwo méjì, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀kan ní ata, èkejì kò ní. Ọmọbìnrin yẹn wo àwo méjèèjì títí. Ó nawọ́ sí èyí tí ó ní ata, ó ṣẹ́ ẹ díẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó dúró. Ó ní, "Tíṣà, ó ń ta, ṣùgbọ́n ó dùn." Ó sì mú ìyókù.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò jẹ ata mọ̀ pé ata ni òun fẹ́ jẹ. Ó dàbọ̀ o.