Abẹ́rẹ́ Ọwọ́ Kò Tíì Parí Iṣẹ́ Rẹ̀

Kò sí ilé tí kò ní abẹ́rẹ́. Ó wà nínú agolo, ó wà lára rìlì òwú, ó wà lára kọ́tìnnì níbi tí ìyá ilé gún un mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tí à ń fi í ṣe, ìdáhùn kì í ju méjì lọ: a fi ń gán bọ́tìnnì tó já, a sì fi ń mú ojú ibi tó ya títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kò kọ́ ọmọ ní rírán mọ́, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà, pé ẹni tí kò bá rówó ra aṣọ tuntun nìkan ni yóò jókòó ti abẹ́rẹ́. Èrò mi ni pé àdánù ńlá ni a ń fà sórí ara wa. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ń kọ́ ọmọ ní ohun mẹ́ta tí ó ṣòro láti rí kọ́ pa pọ̀ níbòmíràn: ọwọ́ tó já fáfá, ojú tó ń wòye, àti sùúrù. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wá iṣẹ́ tí ọmọ lè fi bẹ̀rẹ̀, ọmọláńgidi aláṣọ tí à ń tọwọ́ bọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí abẹ́rẹ́ ti ṣe láàárín wa ná. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọjà Ìtòkú ti di ojúkò adìrẹ, oríṣi kan wà tí à ń pè ní adìrẹ alábẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ya ti ẹlẹ́kọ, ìko ni wọ́n fi ń di ti oníko. Alábẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí méjèèjì. Obìnrin tó ń ṣe é á ṣẹ́ aṣọ funfun po, á fi abẹ́rẹ́ rán an tẹ̀lé àwòrán tó wà lọ́kàn rẹ̀, á wá fa òwú tàbí ìko náà títí aṣọ yóò fi sún kì. Lẹ́yìn náà ni yóò rì í sínú ìkòkò aró, tí yóò yọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́ kí àwọ̀ ewé tó bá jáde lè di àwọ̀ aró gidi, tí yóò sì tún rì í padà títí dúdú rẹ̀ yóò fi jinlẹ̀. Bí aṣọ bá gbẹ, yóò fi abẹ tú ìrán náà. Ibi tí òwú ti fún aṣọ pa ni aró kò lè dé, ibẹ̀ ni yóò sì ṣẹ́kù ní funfun. Bí ìrán bá dẹ̀, aró á yọ́ wọlé, àwòrán á dàrú. Bí abẹ bá ṣìnà nígbà títú, aṣọ á ya. Oníṣẹ́ ní láti rí ohun tí yóò hàn lẹ́yìn aró kó tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ aláìmọ̀wé kò tíì gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọrùn àti àyà agbádá tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Kí ẹ̀rọ tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ jákàn, ìyẹn ọnà òwú tó máa ń wà níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, agbádá kan ṣoṣo sì lè gba oníjákàn ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ Ìlọrin lókìkí nínú rẹ̀, iṣẹ́ náà sì so Yorùbá pọ̀ mọ́ Nupe àti Hausa, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Hausa fi ń ka iye ṣóńṣó tó rí bí ọ̀bẹ lára aṣọ láti fi pe orúkọ rẹ̀: ọ̀bẹ méjì, ọ̀bẹ mẹ́jọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀ pé iṣẹ́ obìnrin ni abẹ́rẹ́ kò bá ìtàn ilẹ̀ yìí sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo agọ̀ egúngún: aṣọ lórí aṣọ, tí wọ́n gé etí rẹ̀ sí ṣóńṣó ṣóńṣó, tí ìdílé sì ń rán tuntun mọ́ ti àtijọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nínú gbogbo èyí, abẹ́rẹ́ ló so iṣẹ́ ọnà pọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ayé ti yí padà, pé kọ̀ǹpútà ni ọmọ ìsinsìnyí nílò. Ṣùgbọ́n ayé òde òní pàápàá ṣì nílò ọwọ́ tó já fáfá. Ní ọdún 2018, Roger Kneebone, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, figbe ta pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gba máàkì gíga nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò já fáfá mọ́, débi tí rírán ara aláìsàn fi ń di ìṣòro fún wọn. Ohun tó tọ́ka sí ni pé àwọn ọmọ kì í fi ọwọ́ gé nǹkan, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nǹkan, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ wá wo ilẹ̀ Finland. Láti ọdún 1866 tí wọ́n ti gbé òfin ilé-ìwé gbogbogbòò kalẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti di dandan níbẹ̀, títí dòní ni àwọn ọmọ sì ń rán aṣọ, tí wọ́n ń gbẹ́ igi ní kíláàsì. Orílẹ̀-èdè yẹn náà ló ni Nokia, tí fóònù rẹ̀ gba gbogbo ìgboro wa kan nígbà kan rí. Ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ kò dí wọn lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé.

Wàyí o, kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọláńgidi àtọwọ́bọ̀? Nítorí pé ó kéré, ó sì kún. Ọmọ tí a ní kó máa rán ìlà gbọọrọ lórí àkísà, kíá ni yóò sú u, nítorí kò rí ibi tí ìlà náà ń lọ. Ọmọláńgidi ní ojú, ó ní ọwọ́, yóò sì sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ bá parí. Yàtọ̀ sí èyí, òun fúnra rẹ̀ ni olùdánwò. Bí ìrán ìhà rẹ̀ bá dẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni yóò lanu. Bí ọrùn bá há jù, ìka kò ní wọlé. Olùkọ́ kò ní láti bá ẹnikẹ́ni wí. Iṣẹ́ ni yóò fi àṣìṣe han ẹni tó ṣe é, ọmọ náà ni yóò sì tú u, tí yóò tún un ṣe.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀, kí ọmọ gbé ọwọ́ lé e: ìka ìfábẹ̀là yóò di orí, àtàǹpàkò àti ìka àárín yóò di apá méjèèjì. Ẹ fi bírò yí i po, kí ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ yíká, kí ẹ sì jẹ́ kí orí tóbi ju bí ìka ṣe tóbi lọ. Àlàfo yìí ṣe pàtàkì, nítorí ìka kì í ṣe pẹlẹbẹ bí ìwé, ìrán pẹ̀lú yóò sì jẹ nínú aṣọ. Ẹ gé ìwé náà, ẹ gbé e lé aṣọ méjì, kí ẹ gé aṣọ tẹ̀lé e. Àjákù àǹkárá láti ọ̀dọ̀ télọ̀ dára púpọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà dára, níwọ̀n ìgbà tí kò bá jẹ́ aṣọ tó ń tú fọ́nrán ní gbogbo etí. Òwú tí ọmọ yóò máa lò kò gbọdọ̀ gùn ju láti ṣóńṣó ìka dé ìgúnpá lọ. Èyí tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa lọ́ mọ́ra.

Ojú ni a ń kọ́kọ́ ṣe, kí a tó so aṣọ méjèèjì pọ̀, nítorí bí a bá ti so wọ́n, abẹ́rẹ́ tó ń ya ojú yóò máa gún ẹ̀yìn mọ́ iwájú. Níbí ni ọmọ ti ń kọ́ ọnà abẹ́rẹ́. Fọ́nrán mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú òwú iṣẹ́ ọnà tí à ń rà. Méjì tàbí mẹ́ta ni kó yọ lò. Fún ẹnu, kó ṣe ìrán tó rí bí ẹ̀wọ̀n: abẹ́rẹ́ á jáde, òwú á ṣe òrùka, abẹ́rẹ́ á padà wọ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jáde, á sì yọ sínú òrùka náà kó lè dì í mú. Fún ojú, kó to òwú sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí wọn yóò fi bo gbogbo àyè náà láìsí àlàfo. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá wà nílé, ẹ má fi bọ́tìnnì ṣe ojú, nítorí ó lè já, kí ọmọ gbé e mì, kó sì há a lọ́nà ọ̀fun. Òwú tí a rán dáadáa kò ní irú ewu yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ojú rere aṣọ méjèèjì síra wọn, kí òdì wà lóde, kí ẹ wá rán yíká, àfi ìsàlẹ̀ nìkan. Ìrán tí abẹ́rẹ́ ń padà sẹ́yìn ni kí ẹ lò: abẹ́rẹ́ á lọ síwájú lábẹ́ aṣọ, á jáde, á sì padà sí ibi tí ìrán ìṣáájú parí sí. Ìrán yìí kì í fi àlàfo sílẹ̀, òun ló sì lágbára jù nínú ìrán ọwọ́ tó wọ́pọ̀. Kí ẹ tó yí i síta, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ díẹ̀díẹ̀ níbi tó bá tẹ̀, bí ọrùn àti abẹ́ apá, láìkan òwú, kí aṣọ má baà ká jọ. Ẹ yí i síta, ẹ ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rán an. Irun lè jẹ́ òwú wúlù, gèlè tàbí fìlà sì lè tẹ̀lé e. Nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ ti wọn nǹkan, ó ti gé, ó ti rán, ó ti ṣe ọnà, ó sì ti mọ ìdí tí ohun kan fi gbọdọ̀ ṣáájú òmíràn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ yóò gún ọmọ. Òótọ́ ni pé yóò gún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọdọ̀ bá ọmọ lọ ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, fi rírán sára iṣẹ́ àwọn ọmọdé: wọ́n á ti lu páálí sílẹ̀, ọmọ á kàn máa ki òwú bọ inú ihò. Fún èyí tó kéré jù, kókó lásán tó. Ní ilẹ̀ Brazil, ọmọláńgidi aláṣọ dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní Abayomi, orúkọ Yorùbá, tí oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Lena Martins bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láàárín àwọn ọdún 1980. Wọn kì í rán an, wọn kì í lẹ̀ ẹ́. Àjákù aṣọ ni wọ́n ń ta ní kókó títí yóò fi di ènìyàn. Ọmọ tó bá ti ń ta kókó bẹ́ẹ̀ ti ń múra ìka sílẹ̀ de abẹ́rẹ́.

Àwọn mìíràn kò fẹ́ ọmọláńgidi rárá, nítorí ó jọ ère lójú wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò bọ, tí a ń fi sọ ìtàn fún ọmọ, ohun ìṣeré ni. Àwọn olùkọ́ ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń lo irú rẹ̀ láti fi kọ́ni ní ìtàn Bíbélì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀ lè ṣe ìjàpá, àkùkọ tàbí ehoro dípò ènìyàn, ìrán rẹ̀ kò yàtọ̀. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì ni kí ohun àfọwọ́ṣe máa mi láti sọ ìtàn láàárín wa. Lórí àwọn ère igi kan tí àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń dé sórí ní agbègbè Kétu àti Yewa, ère kéékèèké wà tí à ń fi okùn fà kó lè máa jó, UNESCO sì ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ara ogún aráyé ní ọdún 2008.

Ó ku àtakò tó le jù: ẹ̀rọ yára, ìrán rẹ̀ sì gún régé. N kò bá a jiyàn. Láti ìgbà tí Elias Howe ti gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1846, tí ti Isaac Singer sì tẹ̀lé e ní 1851, kò sí ọwọ́ tó lè bá ẹ̀rọ sáré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa kò sí lórí bí aṣọ ṣe ń yá. Ọmọ tó mọ ìrán ọwọ́ yóò mọ ìdí tí ìrán ẹ̀rọ fi ń já, yóò mọ aṣọ tí kò dára kó tó rà á, yóò sì tún tirẹ̀ ṣe dípò kó sọ ọ́ nù. Télọ̀ gidi fúnra rẹ̀ kò fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Òun ló fi ń parí iṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ kò lè wọ̀.

Iye owó rẹ̀ kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró: abẹ́rẹ́ kan, òwú díẹ̀, sísọ́ọ̀sì, àti àjákù tí télọ̀ ìbá dà sórí ààtàn. Ohun tó wọ́n ni àkókò àgbàlagbà tí yóò jókòó ti ọmọ. Nítorí náà, mo rọ àwọn òbí kí wọ́n ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún un, mo sì rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n má fi ẹ̀kọ́ rírán mọ sí àwòrán inú ìwé. Ẹ fún ọmọ ní aṣọ, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi sùúrù dúró títí ìrán rẹ̀ yóò fi gún.