Kí Dísìkì Tó Kún: Ohùn Àwọn Àgbà Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Bassila àti Manigri, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí ń lò. Iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, fíìmù àti fọ́tò ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn bàbá àgbà tí ẹnìkan fi fóònù gbà nígbà tí wọ́n ń ki oríkì ìdílé. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ «Espace disque insuffisant» bá yọ lójú ẹ̀rọ, ohun tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ síni lọ́wọ́ ni a máa ń pa rẹ́. Fíìmù tí a pa rẹ́, a lè tún un gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ohùn àgbà tí ó ti papò dà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Èdè Nàgó tí a ń sọ ní Manigri, tí àwọn ará Kambolé ní Togo náà ń sọ, kò pọ̀ nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Anii tí wọ́n ń sọ ní Bassila. Ní ọdún 2019, UNESCO kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé tí ó bá fi máa di nǹkan bí ọdún 2025, ó lè má rọrùn mọ́ láti rí ẹ̀rọ tí a ó fi gbọ́ téèpù àtijọ́. Ẹni tí kásẹ́ẹ̀tì bá ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, kí ó tètè gbé e wọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó ti kún kò lè gba àlejò.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń jẹ àyè. Lórí Windows, ẹ ṣí «Paramètres», lẹ́yìn náà «Système», kí ẹ wá tẹ «Stockage». Fídíò ni ẹ ó sábà bá níwájú. Ìṣẹ́jú kan fídíò fóònù lè gba 100 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí odindi wákàtí kan ohùn MP3 ní 128 kbps kò ju bíi 58 MB lọ. Ìjókòó wákàtí márùn-ún lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà lè má tó fídíò ijó ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ẹni tí ó pa oríkì rẹ́ nítorí àyè kò rí àyè kankan.

Nítorí náà, «Téléchargements» ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: fíìmù tí a ti wò tán, àti fọ́tò kan náà tí ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́ta fi ránṣẹ́. WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè kéré, nítorí náà èyí tí ó wá láti inú kámẹ́rà gan-an ni kí a fi sílẹ̀. Ẹ pa «Fichiers temporaires» rẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ fi àmì sí dáadáa, nítorí «Téléchargements» lè wà nínú àkójọ náà. Kí ẹ sì rántí pé ohun tí ó wà nínú «Corbeille» ṣì ń gba àyè títí a ó fi dà á nù.

Orúkọ fáìlì ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí. «VID_0032» kò sọ nǹkan kan fún ọmọ tí yóò ṣí i lẹ́yìn ogún ọdún. Bí a bá fi ọdún ṣáájú, bíi «2023-08-15_Savalou_OdunIsu», kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ẹ fi orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti èdè tí ó ń sọ kún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì sórí dísìkì tí a ń gbé kiri: ọ̀kan ní ilé, èkejì lọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú mìíràn. Ẹ má fi «Couper» gbé wọn, nítorí iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Ẹ fi «Copier» ṣe é, ẹ ṣí ẹ̀dà náà, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Bí clé USB bá kọ fáìlì tí ó ju 4 GB lọ, ìlànà FAT32 tí a fi ṣe é ló fà á. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ mọ ẹ̀rọ, àwọn ìyá yín ló sì mọ ẹni tí ó ni ohùn. Ẹ pè wọ́n jókòó ní ọjọ́ tí ẹ bá ń tò ó, kí ẹ máa bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.