Ọmọ Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́ Kò Lè Sọ Ibi Tó Ń Dùn Ún

Ká tó dé ìsọ̀ láràárọ̀, jẹ́léósinmi la kọ́kọ́ ń pọn ọmọ lọ. Ṣé wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀ níbẹ̀?

Ní Ẹ̀pìnmì, Ẹhuẹun lèdè ilé wa, ìbátan èdè Ẹ̀dó ni. Yorùbá la fi ń ná ọjà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ọmọ ọdún 3 tí wọ́n bá ń nà nítorí èdè ìyá rẹ̀, dídákẹ́ ló máa kọ́. Bí inú ń run ún, á dákẹ́. Bí ẹnì kan fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, á dákẹ́ náà.

Èdè ilé kì í ba ìwé jẹ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6. Wọn ò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó dáa fọ́mọ Ifẹ̀ dáa fọ́mọ Ẹ̀pìnmì.

Nítorí náà, ká bi tíṣà: ta ló gbọ́ èdè ọmọ yìí? Ṣé ẹ ò ní nà án tó bá sọ ọ́? Ta lẹ máa fún lọ́mọ bá a bá pẹ́ lọ́jà? Tó bá dalẹ́, ká fi èdè ilé bi ọmọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Ọjà á tà o, ọmọ á yè.