Ẹni Òrìṣà: Ìyá Ọmọ Kò Jẹ̀bi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Síbẹ̀, bí ọmọ kan bá pẹ́ kí ó tó jókòó, tí ó pẹ́ kí ó tó rìn, tí ọ̀rọ̀ kò sì tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, ‘Kí ni ìyá rẹ̀ ṣe?’ Àwọn kan á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí ó wà nínú oyún. Àwọn mìíràn á ní iwin ló pààrọ̀ ọmọ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti lé ìyá kúrò nílé ọkọ. Ó sì ti sọ ọmọ di ẹni tí a ń fi pamọ́ sí yàrá nígbà tí àlejò bá dé.

Ṣé gbogbo ohun tí àṣà wa wí nìyẹn? Rárá o. Ìtàn ìṣẹ̀dá sọ fún wa pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ènìyàn. Ní ọjọ́ kan, ó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ kò gún mọ́. Abuké, arọ àti àfín ni ó mọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, kò sọ wọ́n nù. Ó gbà wọ́n ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, tí ẹmu sì fi di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtàn náà kò di ẹ̀bi ru ìyá kankan.

Ìmọ̀ ìṣègùn tí ń yẹ àbùdá ènìyàn wò gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ipò tí wọ́n ń pè ní Down ṣe àpẹẹrẹ. John Langdon Down, dókítà ará Ìlú Ọba, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1866, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó fà á. Ní 1959, ní Paris, Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin tú àṣírí náà. Okùn tíntìntín tí ó ru àbùdá wa, tí a ń pè ní króómósóòmù, máa ń jẹ́ 46. Ti ọmọ yìí jẹ́ 47, nítorí pé èyí tí ó jẹ́ nọ́ńbà 21 di mẹ́ta dípò méjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àjogúnbá. Òótọ́ ni pé ó máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ìyá bá ti ń ga, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ abiyamọ náà ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀sán tí aboyún rìn tí ó lè sọ 46 di 47.

Ọwọ́ Yorùbá wà nínú ìmọ̀ àbùdá yìí. Nínú iṣẹ́ ìwádìí HapMap tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, 90 ènìyàn ní Ìbàdàn, ìdílé 30 tí ó jẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ, ni a lo ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ wa ti ran ayé lọ́wọ́. Ǹjẹ́ èrè rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa?

Àyẹ̀wò kì í ṣe fún mímọ orúkọ lásán. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ Down ni a bí pẹ̀lú àléébù ọkàn. Ẹni tí ó bá tètè mọ̀ ni yóò tètè wá ìtọ́jú. Ó yẹ kí a yẹ etí wọn wò pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kò lè tètè sọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò á sì máa pè é ní dìndìnrìn. Kò sí oògùn tí ń yọ okùn kẹta náà kúrò. Kí òbí má ṣe fi owó ìtọ́jú ọmọ wá a kiri. Ìrànlọ́wọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́: kí a kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ìwẹ̀ wíwẹ̀, ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ̀yin olùkọ́, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2019 kò fàyè gba kí a ya abirùn sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe lé ọmọ yìí padà sílé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa pa ọ̀rọ̀ náà ‘dìndìnrìn’ rẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Bí ẹbí bá sì tún ń bi ìyá ọmọ pé kí ni ó ṣe, ẹ̀yin ni kí ẹ dá wọn lóhùn. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.