Gbígba Orin Àkọ́kọ́ Sílẹ̀ Nínú Ilé

Nígbà tí a ń múra àjọ̀dún yìí sílẹ̀, àwòrán ìgbà àtijọ́ pọ̀ tí a rí kó jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wá ohùn ẹgbẹ́ akọrin ayé ọjọ́un, a kò rí ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè gba orin sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ láìsan owó sítúdíò.

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ọdún 1922, nígbà tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti gba àwọn orin ìsìn Yorùbá rẹ̀ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone, ìlú London ni ó ti ṣe é. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá, ẹni tí ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà ti di Kalakuta Museum báyìí. Bàbá àgbà ní láti la òkun kọjá kí ohùn rẹ̀ tó lè wà títí. Ní tiwa, kọ̀ǹpútà kan, gbohùngbohùn kan àti ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Audacity ti tó.

Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Audacity ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Ó jáde fún aráyé ní ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti wo bí a ṣe kọ ọ́, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lò ó kò rú òfin kẹjọ, bí ẹni tí ń lo ayédèrú ètò ṣe ń rú u.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò wa. Láti Ìkẹjà dé Agége, ariwo ilé iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ ojú irin kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sinmi. Ẹ dúró di òru. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì ta aṣọ tí ó nípọn sára ògiri, nítorí ògiri lásán a máa dá ohùn padà. Kí ẹ tó kọrin, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Láti inú rẹ̀ ni Audacity yóò ti dá ariwo tí ó ṣẹ́kù mọ̀, tí yóò sì dín in kù.

Dùùrù tàbí ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà, kí akọrin fi ẹ̀rọ bo etí, kí ó máa gbọ́ dùùrù náà bí ó ti ń kọrin, kí ohùn méjèèjì má bàa dàpọ̀ nínú gbohùngbohùn. Ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ní ìlà tirẹ̀, ẹ ó sì lè tún ọ̀kan ṣe láìfọwọ́ kan èkejì.

Ẹ máa ṣọ́ òdiwọ̀n ohùn. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ti ga jù wà láàárín -12 àti -6. Bí ó bá kan òdo, orí ohùn náà yóò gé, kò sì sí irinṣẹ́ tí ó lè dá a padà bí ó ti rí. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Olùkọ́ wa kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó kọ́ wa ní orin àkọ́kọ́ tí a gbà, ni ó kọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú wa dùn sí ohùn ńlá náà tó bẹ́ẹ̀ tí a kò wo òdiwọ̀n mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni ó ya. A ní a ó tún un gbà lẹ́yìn Àjíǹde. Kí Àjíǹde tó dé, bàbá ti sùn nínú Olúwa. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Àwa ti rí i pé ẹyin ni ohùn pẹ̀lú. Ohùn yíya náà ni a fi pamọ́.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi orin náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi WAV, tí ìṣẹ́jú kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10, sí ibi méjì ó kéré tán. MP3, tí ó fúyẹ́ jù ú lọ, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin àgbà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀yin ni ẹ ṣì mọ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orin ilé ẹ̀kọ́ wa. A bẹ̀ yín, ẹ wá kọ ọ́ fún wa lọ́dún yìí.