Kí Ni Iyọ̀ Ń Ṣe Nínú Omi Ẹja Àrọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ sínú táǹkì lẹ́yìnkùlé yín n'Ílá-Ọ̀ràngún, ẹ ó ti gbọ́ ọ rí: "Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i." Ṣé idán ni? Rárá o.

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja pọ̀ ju ti omi odò lọ. Torí náà, omi ń gba ibi tó fi ń mí wọ inú ara rẹ̀, iyọ̀ sì ń jáde. Tọ̀sán-tòru ló ń tọ omi yẹn dànù. Ọmọ ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí ara rẹ̀ ti bó lọ́nà, lè kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Iyọ̀ gíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan á dín wàhálà náà kù.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n o! Fún táǹkì 500 lítà, ìdajì kílò ló jẹ́ gíráàmù 1 sí lítà kan. Ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú garawa.

Bí oòrùn bá fa omi, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi lásán ni kí ẹ fi dí i. Bí ẹ bá tún bu iyọ̀ sí i, ẹ ti ń sọ omi odò di omi òkun nìyẹn.